Re Re Ni Ọkọ

Aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni Ìbídùn máa ń pè.
Mo ti mọ̀ ọ́n: màá gbé fóònù ti ìgò oyin
lórí dùùrù Bàbá, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń gbọ́ràn,
Ìyá á tún gèlè wé
bí ẹni pé gbogbo Jámánì fẹ́ yọjú wolé.

Láti ọjọ́ tí a ti sin Bàbá ní Ìtòkò
oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni dùùrù náà ń gbé,
àti Bíbélì, àti rìsíìtì iná.
Eyín rẹ̀ kan ti ya olóríkunkun tipẹ́:
tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á dún;
á wá rì, kò ní padà bọ̀.
Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, igi lásán ni yóò dáhùn.

"Ìyá, a ti mú ọjọ́.
Sátidé kejì nínú oṣù Ọ̀pẹ, ṣọ́ọ̀ṣì Bàbá.
Mátíásì ti ń kọ́ ìdọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì wa.
Ó ga jù; bí orí bá kan ilẹ̀kùn,
ẹsẹ̀ á ti wà ní ìdí sítóòfù."
Ìyá rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín,
ó dákẹ́.
Ta ni yóò jókòó tí ọmọkùnrin náà yóò dọ̀bálẹ̀ fún?
"Bàbá Kémta á jókòó síbẹ̀," ni mo yára wí.
Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Lẹ́yìn náà ló fi orin náà ránṣẹ́.
Oṣù mẹ́rin ló fi kọ ọ́,
fayólíìnì mẹ́rin àti ohùn obìnrin kan.
"Orin tí màá fi wọlé nìyí.
Ẹ gbọ́ ọ dópin kẹ́ ẹ tó bú mi."

A gbọ́. Odò Ògùn wà nínú rẹ̀, mo búra,
kì í ṣe ti òjò o, ti ẹ̀ẹ̀rùn,
nígbà tí èèyàn lè dúró lórí afárá Láfẹ́ńwá
kó ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní méní, méjì.
Ohùn obìnrin náà wá gòkè, ó ní ọkọ mi dé…

"Dá a dúró." Ìyá ti nawọ́.
"Kí ló dé?"
"Ọkọ mi ni, Ìyá."
"Rárá. Re mi lo kọ síbẹ̀. Ọkọ́ ló dé.
Ọmọ tí mo fi owó láfún rán lọ sókè òkun
wọṣọ funfun, ó ń yọ̀ mọ́ irin oko."

Ẹ̀rín tó bú jáde ní Jámánì fẹ́rẹ̀ẹ́ bi fóònù ṣubú.
Mátíásì ń béèrè lẹ́yìn rẹ̀, ó ń túmọ̀ fún un.
"Ó ní kí n sọ fún yín pé òun lè roko díẹ̀."

Bàbá kì bá ti jẹ́ kó kọjá.
Bírò pupa ló fi ń sàmì sínú ìwé orin,
níbikíbi tí ohùn bá ti lọ́ ọ̀rọ̀ lọ́rùn.
"Òyìnbó ló kọ ohùn," á ní, "Ẹ̀gbá ló kọ ọ̀rọ̀,
àwọn méjèèjì ò tí ì bára wọn jẹun."

Ìbídùn ò rẹ́rìn-ín mọ́.
"Ìyá, eyín tó máa ń rì yẹn,
orí ẹ̀ ni Bàbá ti kọ́ mi.
Mi ò lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo bá ń sá lọ sí mi.
Ọdún méjìdínlógún rèé, ìka mi ṣì ń sá."

Iná lọ. Fóònù náà tẹ̀lé e.
Mo ń wá tọ́ọ̀ṣì nínú òkùnkùn
nígbà tí mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ Ìyá ń fẹ́ atẹ́gùn sí dùùrù.
Re.
Ó fi èékánná hú eyín náà sókè, pẹ̀lẹ́,
bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé.
Ó pẹ́ díẹ̀.
Re.